Ẹ Má Fọ Ère Ìbejì Ìyá Àgbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìyá ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí à ń pín ẹrù wọn, a rí ère ìbejì méjì nínú àpótí, wọ́n fi aṣọ wé wọn. Gbogbo ara ère náà pọ́n, ó sì dọ̀tí. Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri ti wá wò wọ́n, ó ní ọ̀kan lòun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n, ká fi fáníìṣì kùn wọ́n, kí owó wọn lè gòkè. Èló ni ká tà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi. Kí o tó ka ìyókù, sáré sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó gbé kànìnkànìn sílẹ̀.

Osùn ni ohun tí ẹ ń pè ní ìdọ̀tí yẹn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn kùn ún, á máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, imú àti ojú ère á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, wọ́n á máa dán, osùn á sì dì sí kọ̀rọ̀ etí àti abẹ́ apá. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tanná wò kí n lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Mo tún ń wo irun: ẹ̀lú ni wọ́n fi ń kùn ún, nígbà tó yá, búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Àwọn aṣayédèrú lè fi èéfín rá igi tuntun, wọ́n lè fi pọ́líìṣì bàtà kùn ún, ṣùgbọ́n gbogbo ara ni wọ́n ń ha dọ́gba. Ọwọ́ ìyá kì í dé ibi gbogbo dọ́gba.

Èmi náà ti fọ ọ̀kan rí, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ọṣẹ dúdú ni mo lò, ó mọ́ tónítóní, gbogbo ẹ̀rí yẹn sì bá omi lọ. Ọ̀gá mi kò bá mi wí; wọ́n kàn tì í sábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló wà títí mo fi ṣe fíríìdọ́ọ̀mù.

Ní ti owó, mi ò lè díye lé e láìfọwọ́ kàn án. Ère ìbejì pọ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í mú owó ilé wá. Ohun tó ń gbé owó sókè ni kí a mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ilà ojú, irun àti ìdúró ère máa ń júwe ìlú. Àwọn ti Ọ̀yọ́ àti Ìgbómìnà mìíràn tilẹ̀ ní tírà láyà. Ní Abẹ́òkúta tiyín, àwọn agbẹ́gilére ìdílé Adugbologe ní Ìtòkò gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Torí náà, lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí: ta ló bí àwọn ìbejì náà? Ta ló gbẹ́ ère? Kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má ya méjèèjì. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe; tó bá ra ọ̀kan, á padà wá sọ pé èyí tó kù kò níye lórí torí pé kò ní èkejì.

Ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì ka èyí tó níyì tí wọ́n ti lò nínú ètò ìbílẹ̀ mọ́ ọn, bí kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àjọ mùsíọ́mù, NCMM, bá fọwọ́ sí nìkan ni ẹ lè tà á fún. Bí gbàǹjo Lọ́ńdọ̀nù lẹ bá sì ní lọ́kàn, kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ wọn.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má dì wọ́n sínú ọ̀rá, wọ́n á bu. Aṣọ tí ìyá àgbà fi wé wọn ńkọ́? Ẹ má jù ú nù o, mo fẹ́ rí òun náà.