Níbo ni mo ti ṣìnà nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ayò ṣẹ́ẹ̀sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí olúkúlùkù ní ọjọ́ mẹ́ta láti ronú sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí òfin sì ka lílo ẹ̀rọ aṣèṣirò (ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ìgbésẹ̀ tó dára jù) léèwọ̀ títí ayò yóò fi parí. Èmi ni mo ta dúdú. Bó ṣe lọ nìyí (K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin, ìgbésẹ̀ tí kò ní lẹ́tà ńlá jẹ́ ti pọ́ọ̀nù; x ni jíjẹ, + ni ìkọlù ọba, O-O ni pípààrọ̀ ibi ọba àti rúùkù, àmì ... lẹ́yìn nọ́ńbà sì ni ìgbésẹ̀ dúdú): 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4 Bc5 4.c3 Nf6 5.d3 d6 6.O-O a6 7.a4 Ba7 8.Re1 O-O 9.h3 h6 10.Nbd2 Re8 11.Nf1 Be6 12.Bxe6 Rxe6 13.Ng3 d5 14.exd5 Nxd5 15.Qb3 Na5 16.Qa2 c6 17.Nxe5 Bxf2+ 18.Kxf2 Rxe5 19.Rxe5 Qf6+ 20.Rf5, mo sì gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wá gbé e fún ẹ̀rọ, 16...c6 nìkan ló fi àmì àṣìṣe ńlá sí. Ọkàn mi kò gbà pé ibẹ̀ nìkan ni wàhálà wà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ayò náà rọlẹ̀ débi pé n kò rí nǹkan kan kọ nípa rẹ̀. Báwo ni kí n ṣe yẹ irú ayò báyìí wò?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ náà láìfo ọ̀kan. Òótọ́ ni ọkàn yín sọ fún yín. Ẹ̀rọ fi ibi tí ẹ ṣubú sí hàn yín; ó kù kí ẹ fúnra yín wá ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Orúkọ tí àwọn ará Ítálì fún ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni Giuoco Piano, ìyẹn eré jẹ́jẹ́; nígbà tí funfun bá sì ti pọ́ọ̀nù rẹ̀ sí d3 dípò d4, wọn a máa pè é ní Giuoco Pianissimo, èyí tó jẹ́jẹ́ jù lọ. Jẹ́jẹ́ tí a wí yìí kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn pọ́ọ̀nù àárín kò tíì kọlu ara wọn, pé ẹgbẹ́ méjèèjì ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹnì kan yóò ti d4 tàbí d5, àti pé gbogbo ìgbésẹ̀ kéékèèké tó ṣáájú ọjọ́ náà ni yóò sọ ẹni tí yóò jèrè rẹ̀. Ẹṣin funfun tó rìn láti d2 dé f1, tó sì bọ́ sí g3, dà bí ẹni tó kàn ń ṣeré kiri, àmọ́ òun náà ló dáàbò bo f5 ní ìgbésẹ̀ ogún, tó sì parí ayò yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo rò pé ohun tí ẹ ń retí lẹ́yìn 19...Qf6+ ni pé ọba yóò sá lọ sí g1, kí ayaba yín lè jẹ rúùkù tó wà ní e5, nítorí pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì ì bá dọ́gba. Ṣùgbọ́n rúùkù náà fúnra rẹ̀ ló bọ́ sí f5 láti dí ọ̀nà, ẹṣin g3 sì ń ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni funfun fi odidi rúùkù kan jù yín lọ. Àṣìṣe ìṣirò lásán nìyẹn, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ibi tó yẹ kí a dúró sí pẹ́ ni ọ̀ràn pọ́ọ̀nù e5. Ẹ to ayò náà síbi tó dé lẹ́yìn 13.Ng3, kí ẹ sì ka àwọn tó ń dojú kọ pọ́ọ̀nù náà àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ẹṣin f3 nìkan ló ń dojú kọ ọ́, nítorí pé pọ́ọ̀nù e4 ti funfun fúnra rẹ̀ ló dí rúùkù e1 lójú. Mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣọ́ ọ: pọ́ọ̀nù d6, ẹṣin c6 àti rúùkù e6. Lẹ́yìn 13...d5 14.exd5 Nxd5, pọ́ọ̀nù d6 ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, pọ́ọ̀nù e4 sì ti lọ, rúùkù e1 wá ń wo e5 tààrà. Ó di méjì sí méjì. Nígbà tí ẹ wá gbé ẹṣin c6 lọ sí a5 láti lé ayaba, olùṣọ́ ẹyọ kan ló kù lòdì sí méjì. Láàárín ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ̀yin fúnra yín lẹ tú odi yín palẹ̀, kò sì sí èyí tó dà bí àṣìṣe nínú wọn bí a bá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí nìdí tí ẹ fi lọ sí a5? Ó ní láti jẹ́ nítorí 15.Qb3, tó dojú kọ ẹṣin d5 àti pọ́ọ̀nù b7 lẹ́ẹ̀kan náà, tí b7 kò sì ní olùṣọ́ kankan. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé 14...Nxd5 gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fa ìlà sí lábẹ́. Bí ẹ bá fi ayaba jẹ ẹ́, 14...Qxd5, ẹni mẹ́ta ni yóò máa ṣọ́ e5, ayaba yín yóò sì máa wo b3, tí ayaba funfun kò fi ní lè débẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, funfun lè fi 15.c4 lé yín, ṣùgbọ́n kò ní í ní pọ́ọ̀nù tó lè ṣọ́ d4 mọ́, ẹṣin c6 yín yóò sì rí ibùjókòó dáadáa níbẹ̀. Kódà lẹ́yìn 16.Qa2, ẹ ṣì lè dá ẹṣin yín padà sí c6. Ó máa ń nira fún ènìyàn láti gbà pé òun ṣi ẹsẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n e5 ì bá rí olùṣọ́ rẹ̀ gbà padà. Bí funfun bá sì tún lọ sí b3, tí ẹ tún lọ sí a5, ọ̀mì lè jáde níbẹ̀ nígbà tí ipò kan náà bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ti ẹ̀rọ, ibi tí ènìyàn ti ń ta ṣe pàtàkì. Àjọ ICCF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 fún ṣẹ́ẹ̀sì tí a ń fi lẹ́tà ta, gba àwọn òṣèré rẹ̀ láàyè láti lo ẹ̀rọ nígbà tí ayò ń lọ lọ́wọ́. Níbi tí ẹ̀yin ti ń ta, ìwé àkọsílẹ̀ yín ni irinṣẹ́ yín. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ kọ sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ nípa iṣẹ́: kí ni ohun tí mo gbé yìí ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀, ta ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe? Ká ní ẹ ti kọ èyí sí 15...Na5 ni, ẹ ò bá ti rí i fúnra yín pé kò sí ẹni tó gbà á. Lẹ́yìn tí ayò bá parí ni kí ẹ wá ṣí ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kí ó fi ọ̀nà mẹ́ta hàn yín lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fún un ní àkókò púpọ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹtàlá àti kẹrìnlá ju kẹrìndínlógún tó ti sàmì sí lọ.

Iṣẹ́ tó kù fún yín ni kí ẹ padà sí 13.Ng3, kí ẹ yẹ 13...Ne7 àti 13...Qd7 wò láìlo ẹ̀rọ. Nínú méjèèjì, pọ́ọ̀nù d6 ṣì wà lórí ìṣọ́ e5, ṣùgbọ́n b7 kò tíì ní olùṣọ́, nítorí náà ìdáhùn sí 14.Qb3 ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.