Afárá irin tó ń pariwo lẹ́yìn ilé-ìwé: ẹ má tíì mọ ògiri

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní afárá rélùwéè onírin gba ẹ̀yìn ilé-ìwé yín kọjá, pé bí ọkọ̀ bá ti gùn ún, tíṣà á dákẹ́ títí yóò fi lọ, àti pé wọ́n fẹ́ fi gbogbo owó tó wà nílẹ̀ mọ ògiri ìdènà ariwo. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró ná. Ògiri lè dí ariwo tó ń jáde láàárín wíìlì àti irin ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń da kíláàsì rú jù, afárá fúnra rẹ̀ ló ń dún ún. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni agogo, irin ojú ọ̀nà ni ọ̀pá tó ń lù ú, ohùn náà sì ń gba abẹ́ jáde, níbi tí ògiri kò dé.

Ẹ wọ̀n ọ́n kó lè dá yín lójú. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí mítà 25 sí afárá, kí ẹ tún gbé e sí mítà 25 níbi tí ojú irin kan náà ti wà lórí ilẹ̀, kí irú ọkọ̀ àti eré rẹ̀ bára mu. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni afárá fi kún un. Bí wọ́n bá so irin mọ́ afárá tààrà, láìsí òkúta wẹ́wẹ́ láàárín wọn, ó máa ń tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (dB, ìwọ̀n ariwo) 10 sí 15, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi dB(A), ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò, nìkan wọ̀n ọ́n, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ohùn ìsàlẹ̀ tó ń mi fèrèsé sí. Ẹ wọn dB(C), tó ń ka ohùn ìsàlẹ̀ sí, pẹ̀lú.

Ohun tí kò gba owó púpọ̀ ni kí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kọ́kọ́ ṣe: kí wọ́n fún bóòtù tó dẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ojú irin kó dán, kí wọ́n tún wíìlì tó ti di pẹlẹbẹ lójú kan ṣe. Wọ́n lè jó oríkèé irin pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí àyè wà fún irin láti gùn, nítorí afárá 50 mítà á gùn sí i tó mìlímítà 18 bí ooru bá fi 30 dígírì Celsius lé.

Iṣẹ́ gan-an wà níbi tí irin ti jókòó lé afárá. Rọ́bà líle tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ń gba agbára tó ju kílónútìn 100 lọ (bí ìwúwo tọ́ọ̀nù 10) kó tó tẹ̀ ní mìlímítà 1. Ìjókòó rírọ̀ tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju 10 sí 25 lọ. Kó má sì rọ̀ jù: nǹkan bíi mìlímítà 3 ni irin lè rì mọ lábẹ́ wíìlì. Ìjókòó tuntun nípọn ju ti àtijọ́, torí náà irin á ga sókè. Ẹ jẹ́ kí irin máa ga díẹ̀díẹ̀ láti orí ilẹ̀ dé ẹnu afárá, kí ẹ sì wo wáyà iná tó bá wà lókè, kí ọkọ̀ má sún mọ́ ọn jù.

Bóòtù tó de ìjókòó mọ́ afárá ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ó gba inú rọ́bà kọjá, ó sì ní òrùka rọ́bà tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé òrùka yẹn, tàbí wọ́n fún bóòtù kọjá ìwọ̀n, irin á kan irin, gbígbọ̀n á sì gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni pé kò sí rọ́bà rárá. Òkúta kékeré kan tó há sábẹ́ ìjókòó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un tán, kí wọ́n ti irin tín-ín-rín yí i ká, kí wọ́n rí i pé àlàfo ṣì wà. Ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀ náà ń wú rọ́bà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò rò tẹ́lẹ̀: bí ìjókòó bá ti rọ̀, irin ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ á máa ké sí i, nítorí gbígbọ̀n tí kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ mọ́ á máa sá lọ lórí rẹ̀. Ègé irin tí a fi rọ́bà wé la ń fún mọ́ ìbàdí irin, láàárín ìjókòó kan sí èkejì, láti pa ohùn náà.

Ní Manhattan, ní ìlú New York, rélùwéè orí òpó ń kọjá lẹ́bàá ilé-ìwé P.S. 98. Ìwádìí Arline Bronzaft, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1975 fi hàn pé ariwo ń ti dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 59 fò dé 89 bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ní kíláàsì tó kọjú sí i, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn ti apá kejì nínú ìwé kíkà. Wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ irin, wọ́n ṣe àjà tó ń gba ohùn sí kíláàsì. Nínú àyẹ̀wò tó jáde ní 1981, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí ọmọ ló jèrè rẹ̀.

Bí afárá bá ṣì ń dún, ẹ lẹ rọ́bà mọ́ irin pẹlẹbẹ rẹ̀, kí ẹ fi irin mìíràn tẹ̀ ẹ́ lórí, bí ìgbà tí a fọwọ́ di agogo mú. Ẹ ha ọ̀dà kúrò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ dí etí rẹ̀ kí omi má wọlé. Ẹ má bo ojú ibi tí wẹ́dà jó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò bóyá irin ti sán. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sórí afárá àtijọ́, ẹ rán an létí pé èyí tó jìn ní mìlímítà 300 wúwo tó ìdajì tọ́ọ̀nù lórí mítà onígun mẹ́rin kan.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ lè mọ ògiri. Kó má ga púpọ̀, kó sún mọ́ irin, kó jókòó lórí rọ́bà kí òun náà má di agogo, kí ẹnjiníà sì ṣírò afẹ́fẹ́ tí yóò máa tì í kí wọ́n tó gbé e sórí afárá.