Kò Ṣeé Kàn Sí, àbí Kò Fẹ́ Fúnni?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àwa mẹ́sàn-án, láti Ìsánlú dé Kàbà, ni a ń fi BitTorrent (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn tààrà) pín ohùn àwọn àgbà ìlú wa tí a gbà sílẹ̀ fún ara wa. Àwọn méjì kàn ń gbà ni, iye ohun tí wọ́n fúnni kò kúrò ní òdo. Àwọn mẹ́ta mìíràn sì wà tí kọ̀ǹpútà wa kì í lè kàn sí rárá. Àwọn kan ní kí a yọ àwọn márààrún. Kí ni ẹ rí sí i?
Òǹkàwé yín, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Okun o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ̀sùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ kó pọ̀.

Ní ti àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá iná wà nílé. Bí ó bá wà, tí ó sì jẹ́ pé dátà fóònù ni wọ́n ń lò, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún wọn ti kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan, nítorí pé àdírẹ́sì IPv4 (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) kò kárí mọ́. Bí ìpè bá ti ìta wá, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà kò mọ ta ni ó ń bá wí, á sì dà á nù. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn lè pe ẹlòmíràn, bí wọ́n bá sì ti so pọ̀, wọ́n lè gbà, wọ́n sì lè fúnni. Ẹni méjì tí àwọn méjèèjì bá wà nírú ipò yìí ni kì í sábà rí ara wọn. Nítorí náà, kí ẹni tó ní router (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé) àti àdírẹ́sì tí a lè rí láti ìta nínú yín ṣí port kan (ojú ọ̀nà tí ìpè ń gbà wọlé) sílẹ̀, kí gbogbo wọn máa pè é.

Ní ti àwọn méjì náà, Bram Cohen, ẹni tó gbé BitTorrent jáde ní ọdún 2001, ti ronú kan irú wọn. Bí àáró ni ó ṣe ṣètò rẹ̀: ẹni tó bá wá sí oko mi ni mo ń lọ sí oko rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 10, kọ̀ǹpútà ń wo àwọn díẹ̀ tó ń fún un jù, àwọn ni ó sì ń fún padà. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30, ó ń dán ẹlòmíràn wò láìka ohun tó mú wá sí, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì ní ohun tí yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀. Mo fẹ́ràn apá yìí gidigidi.

Àmọ́ òfin àáró kò mú ẹni tí fáìlì rẹ̀ ti pé, nítorí pé kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ yín ti ní ohùn náà pé, àwọn méjì yẹn lè gbà á tán láìfúnni ní nǹkankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdo tí ẹ rí lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti dín fífúnni kù nítorí owó dátà. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí wọ́n máa ṣí i ní òru, nígbà tí dátà bá dínwó. Bí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá dín ìyára tí ẹ fi ń fún wọn kù.