Báwo ni mo ṣe lè tẹ sol-fa tí ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íjẹ̀bú-Òde fi ọwọ́ kọ sínú MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ orin, kó jọ tọwọ́ gan-an?

Ẹ tẹ nóòtì kan fún kíkà kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tí ohùn ti fà. Ẹ wá tẹ Ctrl+L, kí ẹ kọ sol-fa sí ipò ọ̀rọ̀ orin: |d, :r, |m, :–. Àmì ìfà yẹn (–) ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá tẹ háífìnì lásán, MuseScore á rò pé ẹ ń pín sílébù ni, á fò lọ sórí nóòtì tó kàn; Alt pẹ̀lú háífìnì ni kí ẹ lò. Ìlà abẹ́ tó so ohùn méjì mọ́ sílébù kan, Ctrl+U ni. Tó bá parí, ẹ yan gbogbo nóòtì, ẹ tẹ V kí wọ́n farasin, kí ẹ sì pa ìlà márààrún tí nóòtì wà lórí rẹ̀ rẹ́ nínú Staff/Part Properties. Ẹ má fi ohùn tó ń jáde níbẹ̀ kọ́ akọrin o, torí á máa tún ohùn lù níbi ìfà.