Èsì: Gbígba ohùn gángan sílẹ̀ nínú yàrá ní Kubwa

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní Kubwa, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wà n'Íbàdàn, ẹ sì fẹ́ jọ ṣe orin. Ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ìpè fídíò: ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé, ìlù ò ní bára mu láé. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ gba orin atọ́nà sílẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ nínú íápíìsì, kí ẹ wá lu tiyín lé e.

Yàrá onítáìsì máa ń dún padà, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sára ògiri. Ẹ gbé fóònù jìnnà tó mítà 1 sí ojú ìlù, kó dagun díẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn jù, ohùn á fọ́, àtúnṣe rẹ̀ á sì ṣòro. WAV, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kúrò nínú ohùn, ni kẹ́ ẹ fi pamọ́. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè ba ohùn náà jẹ́.

Ọyẹ́ gan-an lọ̀tá yín. Awọ á gbẹ, á le, ohùn á lọ sókè. Ẹ má gbé gángan síwájú fáànù, ẹ má sì fún ọsán, ìyẹn àwọn okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìlù, dé góńgó nígbà tí awọ bá ti gbẹ táútáú, ibẹ̀ ló ti ń ya. Ìdájí ni kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, torí ìgbà yẹn ni jẹnẹrétọ̀ àdúgbò máa ń sinmi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé o!