Àmì Wi-Fi kún, nǹkan kan ò ṣí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà. Ẹ ní modem (ẹ̀rọ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé) tí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wá so fún yín ní Àkóbọ̀ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ látìgbà tí ẹ ti ra router (ẹ̀rọ tó ń pín in fún fóònù) mọ́ ọn ní Dùgbẹ̀, àmì Wi-Fi ń kún lórí fóònù, síbẹ̀ nǹkan kan ò ṣí. Kí ẹ tó bú àwọn tó so ó, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni irú rẹ̀ fi yọ mí lẹ́nu nílé wa ní Òjé. Mo bú àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ yẹn títí ẹnu fi ń bó mi. Wọn ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Àmì tó kún yẹn, ọ̀rọ̀ ààrin fóònù àti router ló ń sọ. Bóyá router rí nǹkan gbà lọ́wọ́ modem, ìyẹn ò kàn án.

Ẹ yí router sẹ́yìn. Ẹ ó rí ihò kan tó dá yàtọ̀, WAN ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wáyà tó ti ara modem wá gbọ́dọ̀ wọ̀. Ihò LAN, èyí tó wà fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé, ni mo tì í bọ̀ ní tèmi, ó sì wọ̀ ọ́ ṣinṣin, ó tiẹ̀ dún kọ́!

Mo wá fi í síbi tó yẹ, ó tún kọ̀. Àṣé nọ́ńbà àdírẹ́sì kan náà ni modem àti router ń jẹ́, 192.168.1.1. Bí ẹni pé lánlọ́ọ̀dù méjì ń pín yàrá nínú ilé kan ni. Router ò mọ èwo ni inú ilé, èwo ni òde. Ẹ yọ wáyà modem, ẹ so fóònù mọ́ router nìkan, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sínú Chrome. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sábà máa ń wà nídìí router. Lábẹ́ LAN, ẹ sọ ọ́ di 192.168.10.1, kí ẹ dá wáyà modem padà sí WAN, kí ẹ sì pa méjèèjì. Modem ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 2, kí router tó tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣájà wọn o, pàápàá tí NEPA bá mú iná lọ. 12V ni ti modem mi, 9V ni ti router, ẹnu wọn sì jọra. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń táràrà nínú òkùnkùn, mo fi ti modem bọ router. Òórùn ike tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bí mo ṣe ra router kejì nìyẹn.

Ẹ gbé router sókè, ní gbangba. Màmá mi fi aṣọ bo tèmi nítorí eruku; ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Tí ògiri yín bá nípọn bí ògiri amọ̀ ilé wa, ẹ jẹ́ kí fóònù inú yàrá máa lo oríṣi Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz. Oríṣi kejì, 5 GHz, yára lóòótọ́, àmọ́ ògiri ò jẹ́ kó rìn jìnnà.

Tó bá ṣì kọ̀, ẹ wo iná ara modem. Bó bá jẹ́ ti fáíbà, tí LOS (iná tó ń sọ pé àmì láti òde ò wọlé) sì ń ṣẹ́jú pupa, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó so ó. Ọwọ́ wọn ni ìyẹn wà.