Lọ́yà tó ṣe ìwé ilẹ̀ wa ló ní òun máa bá wa gba ọmọ tọ́

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ tó fi sílẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún báyìí, ọ̀dọ̀ wa ló wà látìgbà yẹn, èmi ló ń pè ní Mọ́mì. Èmi àti ọkọ mi wá fẹ́ kó di tiwa lábẹ́ òfin. Lọ́yà tó ṣe ìwé ilẹ̀ wa ní kò le rárá, ká kàn lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ọ̀sẹ̀ méjì ó parí. Bàbá ọmọ ṣì wà láyé o, kì í kàn wá wò ó ni. Ṣé ká fún un lówó?
Ìyá Dámi, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ìyá Dámi, Ọlọ́run á tẹ́ àbúrò yín sáfẹ́fẹ́ rere. Mi ò mọ̀ bóyá lọ́yà lẹ fẹ́ fún lówó àbí bàbá ọmọ o. Tó bá ṣe lọ́yà, ẹ dúró ná. Tó bá ṣe bàbá ọmọ, ẹ má dán an wò, àfi kó dà bíi pé ẹ ra ọmọ ni, òfin ò sì gbà á.

Áfídéfíìtì, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ bá búra sí ní kọ́ọ̀tù, ò sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ẹni. Family Court, kọ́ọ̀tù tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, ló ń pàṣẹ ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ, lèèyàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2007, ní kẹ́ni tó fẹ́ gba ọmọ ti sọ fún wẹ́fíà, ó kéré tán, oṣù 12 kí kọ́ọ̀tù tó pàṣẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì wá dà? Wọ́n á wá sílé yín, wọ́n á wo ibi tọ́mọ ń sùn, ẹ ó gba ìwé dókítà ní ọsibítù ìjọba, bàbá yẹn náà, kódà kó má ra bùrẹ́dì fún un rí, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àfi tí kọ́ọ̀tù bá gbà pé ó ti pa ọmọ tì.

Lọ́yà ilẹ̀ yín lè mọ ilẹ̀ dáadáa o, mi ò bú u. Síńtáǹpù NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, tó ní orúkọ ẹ̀ á fi hàn pé lọ́yà ni, kò ní fi hàn pé ó ti ṣe irú ẹjọ́ yìí rí. Ẹ lọ sí ẹ̀ka NBA Ìkòròdú tàbí FIDA, ìyẹn àwọn lọ́yà obìnrin, ẹ ní lọ́yà tó ń lọ Family Court lẹ ń wá. Tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú ẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ kàn ní, "Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" Tó bá bèèrè bàbá ọmọ kó tó dárúkọ owó, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Ẹ bi í ìgbà tó gba irú àṣẹ yìí fún èèyàn gbẹ̀yìn. Tó bá tún ní ká wò ó bóyá gádíánṣíìpù ti tó yín, kẹ́ ẹ máa tọ́ ọmọ láì gé e kúrò lára bàbá ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lọ, ẹni yẹn mọ̀ ọ́n.

Ẹ mú ìwé ikú àbúrò yín àti bátì sẹtífíkéètì ọmọ dání lọ, ohun tó máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ kó wá nìyẹn.